Táyà wo ni kí ọmọ mi fi sáré lójú ọ̀nà Nevada?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Las Vegas fẹ́ lọ sá eré ọkọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, irú èyí tí wọ́n máa ń ti ọ̀nà gbogboogbò pa fún. Ó ní ìpele 120 máìlì ní wákàtí kan lòun forúkọ sílẹ̀ fún, Mustang lòun yóò sì gbé lọ. Mo bi í nípa táyà. Ó ní lẹ́tà V ló wà lára rẹ̀, pé ó lè sá tó 149 máìlì, pé eyín rẹ̀ ṣì dúró dáadáa látìgbà tóun ti ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó. Ó tiẹ̀ ní bóun bá sáré tán, òun yóò fi táyà náà ránṣẹ́ sí mi nílé. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé táyà yẹn tó? Bí kò bá tó, irú èwo ni kó rà?"

Bàbá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Èsì tí ẹ ń retí ni màá kọ́kọ́ fún yín: kó má fi táyà yẹn sáré. Lẹ́tà V kọ́ ló ń já mi láyà jù. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni táyà náà ti bá a wá. Ẹ̀yin náà ti wakọ̀ pẹ́, ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í wo òde táyà kó mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí.

Mo mọ eré tó ń sọ. Silver State Classic Challenge ni wọ́n ń pè é, ọdún 1988 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Nevada. Ọ̀nà 318 ni wọ́n máa ń tì pa, láti Lund dé Hiko. Ó jẹ́ 90 máìlì, ìyẹn kìlómítà 145, bí ìgbà téèyàn rin Adó sí Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá sún mọ́ iye ìyára tó forúkọ sílẹ̀ fún jù lọ ló ń gbégbá orókè ní ìpele rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó wà ní ìpele 120 gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú 45 gééré parí rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò fi òté lé ìyára wọn, àwọn yẹn ti sá a ní ìpíndọ́gba tó lé ní 200 máìlì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ táyà tiwọn yàtọ̀ pátápátá.

Ìṣẹ́jú 45 yẹn ni kí ọmọ yín gbájú mọ́. Nínú eré tí wọ́n ń sá yípo pápá, awakọ̀ ń tẹ bíréèkì, ó ń ṣẹ́ kọ́nà, táyà ń rí ìsinmi díẹ̀díẹ̀. Lórí ọ̀nà 318, ibi tó pọ̀ jù ló nà tààrà. Táyà ń sá eré kan náà láìsinmi, ooru inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò sì ríbi tu ú sí. Ooru yìí ló ń pa táyà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ibi tí táyà bá ti kanlẹ̀ máa ń tẹ̀, bó bá sì ti kúrò nílẹ̀ a tún yí padà. Táyà Mustang tó ń sá 120 máìlì, ìyẹn kìlómítà 193 ní wákàtí kan, ń yí tó ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kó tó dé Hiko, ojú kan náà lára rẹ̀ yóò ti tẹ̀, yóò ti nà, ju ìgbà 65,000 lọ. Ẹni tó bá ti di wáyà mú rí, tó ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, mọ bó ṣe máa ń gbóná lọ́wọ́ kó tó já. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà àti wáyà inú táyà ń ṣe. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, á tẹ̀ jù bó ṣe yẹ lọ, ooru á sì ga sí i. Lẹ́yìn èyí, ìyára fúnra rẹ̀ ń fa eyín táyà síta: bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń fà á di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí ooru bá ti sọ gọ́ọ̀mù tó lẹ eyín mọ́ wáyà di rírọ̀, eyín á ṣí kúrò lódindi. Ẹ ti rí irú awọ táyà bẹ́ẹ̀ rí, àwọn èyí tí tírélà ń já sílẹ̀ lójú títì. Lórí ìyára tí ọmọ yín fẹ́ sá, kò sí awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà débi tí yóò fi di irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mú.

Nípa lẹ́tà, V jẹ́ kìlómítà 240 ní wákàtí kan, W jẹ́ 270, Y jẹ́ 300. Bí wọ́n bá fi Y sínú àkámọ́, ó ju 300 lọ nìyẹn. Bí ó bá rí ZR láàárín nọ́ńbà ìwọ̀n táyà, kó má rò pé ó ti parí: ó kàn ń sọ pé táyà náà ju 240 lọ ni. Kó wo lẹ́tà tó wà ní ìparí. Ọmọ yín ṣírò pé 120 kò dé 149, ìṣirò náà sì tọ̀nà títí dé ibì kan. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ni 120. Apá kan wà lójú ọ̀nà yẹn tí wọ́n ń pè ní Narrows, àárín àpáta ló gbà kọjá, kọ́nà sì wà níbẹ̀. Iye tó bá dín kù níbẹ̀, ó ní láti fi kún un níbòmíràn. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ìyára tí awakọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá rárá. Ìyára yẹn ni kó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀, kó tún fi àlàfo gidi sílẹ̀ lé e lórí.

Ìdí tí mo fi ń béèrè àlàfo ni pé inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń dán lẹ́tà yìí wò. Táyà tuntun ni wọ́n ń lò, wọ́n á fún un ní afẹ́fẹ́ tó péye, wọ́n á sì yí i lórí ìlù irin fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Táyà tó ti sun oòrùn aṣálẹ̀, tó ti bọ́ sí kòtò, tí wọ́n ti gbàgbé láti fún láfẹ́fẹ́, kò tó lẹ́tà ara rẹ̀ mọ́. Èrò tèmi ni pé fún ìpele 120, kó ra W ó kéré tán. Bí Y bá wà ní ìwọ̀n tí Mustang rẹ̀ ń lò, kó rà á. Kó sì ka ìwé òfin eré náà fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó gbà á láàyè, táyà sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò.

Lẹ́tà mìíràn tún wà tó ń tan èèyàn. Lára táyà Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kọ Temperature A, B tàbí C. A ló dára jù, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju pé táyà náà yege nígbà tí wọ́n dán an wò ní ìyára tó lé ní 115 máìlì. Ọmọ yín ń lọ sí 120 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má fi A nìkan tu ara rẹ̀ nínú.

Ẹrù tí táyà lè gbé kò ní yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀. Nọ́ńbà tó ṣáájú lẹ́tà ìyára ló ń sọ ọ́: 97, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ kìlógíráàmù 730 fún táyà kan. Táyà V tó bá dé 240 ń pàdánù ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún agbára yẹn, W kò sì ní pàdánù kankan títí yóò fi kọjá 240. Mustang kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Kó ṣáà má ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti ara ìlẹ̀kùn ọkọ̀.

Ọjọ́ orí táyà ni mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ fún un, nítorí òun ló ń mú "eyín rẹ̀ ṣì dúró" tan èèyàn jẹ. Rọ́bà ń gbẹ, yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn. Kó wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí ní ẹ̀gbẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà yẹn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ló rí, wọ́n ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó dé. Nígbà míì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ náà sì lè jẹ́ èyí tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀. Kó mú tọ́ọ̀ṣì, kó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó lára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nílé níbí, ọdún mẹ́rin ni àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà ń sọ. Fún eré yìí, n kò ní fọwọ́ sí táyà tó bá ti lé ní ọdún méjì, bó tiẹ̀ ń dán.

Ẹ rántí Paul Walker, òṣèré Amẹ́ríkà tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní California ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2013. Porsche Carrera GT ni wọ́n wà nínú rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wà á. Ìyára ni àwọn tó ṣèwádìí dá lẹ́bi, wọ́n ní ó wà láàárín 80 sí 93 máìlì. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé táyà ọkọ̀ náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ olówó ńlá ni, eyín táyà rẹ̀ kò sì jẹ tán. 93 máìlì yẹn kò dé ibi tí ọmọ yín ń lọ.

Ohun mìíràn tí òde kì í fi hàn: ní ṣọ́ọ̀bù wa níbí ní Adó, nígbà tí a bá yọ táyà tó ti fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn kúrò lára ríìmù, ìyẹ̀fun dúdú máa ń dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀, bí ẹni gbọn èédú. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ ó bá ibì kan tó ti họ yíká ní ẹ̀gbẹ́, okùn inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hàn. Lóde, táyà kan náà lè máa dán, kí eyín rẹ̀ ga. Ìyẹ̀fun yẹn ni ara táyà tó ti lọ̀ kúnná. Kò sí bí ọmọ yín ṣe lè mọ̀ bóyá ẹni tó kọ́kọ́ ni Mustang yẹn ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, àfi kó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára ríìmù. Owó tuntun ló kúkú yẹ kó ná.

Táyà tí wọ́n ti lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a dé ibẹ̀ rárá. Èyí tí fọ̀kánáísà fi okùn dí níwájú ilé yín lè gbé yín dé Ìṣẹ̀ kó sì gbé yín padà wálé, mi ò sọ pé kò dára fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe táyà ló ń sọ pé táyà tí wọ́n bá ti lẹ̀ ti pàdánù lẹ́tà ìyára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn án gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àríwá ni yóò kọ́kọ́ wakọ̀ lọ láti Las Vegas kó tó máa sáré bọ̀ wá sí gúúsù. Bí ìṣó bá wọ táyà lọ́nà, kó pààrọ̀ ẹ̀ tàbí kó fagi lé eré ọdún náà. Bó bá lè di táyà eré sẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn gbé lọ, ó sàn jù.

Irú táyà wo wá ni? Táyà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ alágbára, irú bíi Michelin Pilot Sport 4S, Continental ExtremeContact Sport tàbí Goodyear Eagle F1. Irú táyà báyìí ni wọ́n fi ń bọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń sá ní ojú ọ̀nà Jámánì fún wákàtí gbọọrọ. Kó sá fún all-season, ìyẹn táyà ìgbà gbogbo, nítorí eyín rẹ̀ jìn, ó ń mì, mímì yẹn sì ń di ooru. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sáré ní pápá yóò sọ fún un pé kó ra táyà rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, èyí tí nọ́ńbà treadwear rẹ̀ (tó ń sọ bí eyín rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó kó tó jẹ) kò ju 100 tàbí 200 lọ. Àwọn yẹn dára fún kọ́nà. Lójú ọ̀nà tó nà tààrà, kò wá dídì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìfaradà ooru ló ń wá. Bó bá jẹ́ eré Big Bend ní Texas ni, láti Fort Stockton lọ sí Sanderson kó tún padà, níbi tí kọ́nà ti pọ̀, mo lè bá wọn jiyàn díẹ̀. Ti Nevada, rárá.

Eyín tó ga jù kò dára fún irú eré yìí. Bí eyín bá ṣe ga tó ni rọ́bà tó ń mì ṣe pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fi ẹ̀rọ fá eyín táyà tuntun kí wọ́n tó lọ sáré. Fún ẹni tó ń sá 120 fún ìgbà àkọ́kọ́, n kò rò pé ó di dandan. Kó ra táyà náà ní oṣù kan ṣáájú, kó fi rin ìrìn jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́ kí ó lè jókòó dáadáa, kó sì máa fojú sí i bóyá nǹkan kan ń wú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀ràn tó gbẹ́yìn, òun náà ló sì ń ba táyà olówó gọbọi jẹ́ jù. Iye tó wà lára ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ti ìrìn ojoojúmọ́ ni. Eré yìí ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe táyà náà, kó sọ ìwúwo ọkọ̀, ìwọ̀n táyà àti ìyára tó fẹ́ sá, wọ́n á sọ iye tó yẹ fún un. Kò gbọ́dọ̀ ju iye tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Òwúrọ̀ ọjọ́ eré gan-an ni kó wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó gbéra, kó sì jẹ́ gééjì tirẹ̀ tó dájú ló fi wọ̀n ọ́n. Ooru ọ̀sán Las Vegas le, òwúrọ̀ Ely, níbi tí àwọn olùkópa máa ń sùn, tutù nini. Bí ìwọ̀n ooru bá fi bíi 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius wálẹ̀, PSI 1 (PSI ni òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) ti lọ nìyẹn. Táyà tó pé ní Vegas lè ti dín PSI mélòó kan ní òwúrọ̀ láìjò rárá.

Kó má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìkìlọ̀ afẹ́fẹ́ táyà tó ń tàn lójú dásíbọ́ọ̀dù. Ohun tí òfin Amẹ́ríkà béèrè ni pé kí iná náà tàn bí afẹ́fẹ́ bá ti fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Táyà tó yẹ kó ní 36 lè já sí 27 kí iná tó fi ohùn sí i. Ní 120 máìlì, 27 ti pẹ́ jù. Bó bá sì débì kan tó wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó ti gbóná, tí gééjì lọ sókè, kó má tú u jáde. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àwọn tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó jẹ́ irú kan náà, kí wọ́n bá a bálánsì rẹ̀ kó tó lọ, kó fi fáàfù onírin rọ́pò ti rọ́bà, kó sì dé ìdérí mọ́ ọn lórí. Náítírójìn kò burú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó pé iye náà ń ṣe é.

Ẹ tún lè sọ èyí fún un. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2005, ní eré Formula 1 ní Indianapolis, táyà Michelin ti ń bẹ́ ní kọ́nà kan tó dà gẹ̀rẹ̀ nígbà ìdánrawò. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un lórí ìyára yẹn. Nígbà tí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ 14 yà kúrò, mẹ́fà péré ló sáré. Ojú tì wọ́n lójú gbogbo ayé, owó bọ́, ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ tó kú. Bí ẹni tó ṣe táyà bá sọ pé kò ní ṣeé ṣe, kí ọmọ yín gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti táyà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kó má ṣe ìyọnu. Òfin aṣọ́bodè Nàìjíríà ti ka táyà àlòkù fún ọkọ̀ kéékèèké léèwọ̀. Ká tiẹ̀ ní kò kà á léèwọ̀, táyà tó ti fi ìṣẹ́jú 45 jẹ irú ooru yẹn kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ kó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n.

Kó ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ táyà tó bá fẹ́ rà, kí ìwọ̀n, lẹ́tà ìyára àti nọ́ńbà DOT hàn ketekete, kó sì kọ ìwúwo Mustang náà pẹ̀lú òun àti ẹni tí yóò jókòó tì í. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kó tó sanwó, màá bá yín wò ó.